Hẹ́dífóònù Ìyá Ìyàwó Mi

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ìyá rẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù pẹ̀lú mi nínú ilé. Àwọn ẹbí rò pé yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lẹ́yìn ìsìnkú, ṣùgbọ́n kò lọ. Kò sọ pé òun ń dúró, èmi náà kò sì béèrè. Láràárọ̀ ni ó ń po tíì sínú ife méjì, tí ó ń gbé tèmi sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ pé mo ṣì ní ẹnì kan.

Wàhálà wa kò ju rédíò kan lọ. Rédíò dúdú ni, ó tó búrẹ́dì ńlá ní títóbi. Owó oṣù àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi gbà láyé rẹ̀ ni ó fi rà á fún ìyá rẹ̀. Bí etí Ìyá ṣe ń wúwo sí i ni ohùn rédíò náà ń ròkè sí i, títí ó fi di pé ẹni tó ń kọjá lójú títì lè ka ìròyìn àárọ̀ fún ọ. Nọ́ọ̀sì kan sì ń gbé lókè wa. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe, ọ̀sán ni ó fi ń sùn. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wá. Ó tún bẹ̀ wá. Nígbà tó yá, ó lọ bá onílé, onílé sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń nu bàtà tí kò dọ̀tí, ó ní bí ariwo náà kò bá dín kù, a ó kó jáde.

Ìyá gbọ́. Ẹni tí etí rẹ̀ wúwo kì í ṣe aláìgbọ́ nígbà tí a kò bá fẹ́ kí ó gbọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé kí ó wá mú òun lọ ní Sátidé.

"Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lé ọkọ ọmọ mi jáde nílé nítorí etí tèmi!" Bí ó ṣe pariwo rẹ̀ tó, kò sí iyèméjì pé nọ́ọ̀sì náà gbọ́.

Mi ò lè ní kí ó má lọ. Àna ni mí. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé bí ó bá lọ, kò ní sí ẹni tí yóò máa pe orúkọ ìyàwó mi nínú ilé náà mọ́? Ọ̀rọ̀ náà wà nínú mi, kò dé ẹnu. Dípò kí n sọ ọ́, mo lọ ra hẹ́dífóònù.

Èyí tó ní wáyà ni mo kọ́kọ́ rà. Ṣùgbọ́n Ìyá kì í jókòó gbọ́ rédíò. Bí ìròyìn bá ń lọ, a máa rìn káàkiri, a máa ká aṣọ, a máa bá àwọn olóṣèlú jà. Ó dìde láti lọ pa iná sítóòfù, ó gbàgbé pé a ti so òun mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Wáyà fa rédíò, rédíò já bọ́ láti orí pẹpẹ, igun rẹ̀ kan sì fọ́. Ó gbé e mọ́ra bí ọmọ tó ṣubú. Mo wá ra hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà, láìrántí pé wọ́n ti ṣe rédíò yẹn tán kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa blútúùtù. Ihò kékeré tí wọ́n ń fi wáyà bọ̀ ni gbogbo ohun tí ó ní.

"Ra rédíò tuntun fún wọn, kí o sinmi," ni ọ̀gá mi wí níbi iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń di ìwé. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ni wọ́n máa ń gbé wá fún mi, mi ò sì tíì sọ fún ẹnì kan rí pé kí ó lọ ra òmíràn.

Ọkùnrin kan ń ta ohun èlò fóònù níkòríta. Ó-Wà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí o béèrè tí kò ní dáhùn pé ó wà.

"Ṣé o ní ohun tí mo lè fi bọ ihò rédíò, tí hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà á fi gbọ́ ọ?"

"Ó wà!" Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó fa adápítọ̀ kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ jáde. "Ẹ̀gbọ́n, blútúùtù nìyí. Ẹ fi bọ ihò, ó parí."

Kò parí. Mo fi í bọ ihò, mo tan hẹ́dífóònù. Iná búlúù ń ṣẹ́jú lára ọ̀kan, iná búlúù ń ṣẹ́jú lára èkejì, bí ẹni méjì tí wọ́n ń wo ara wọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Ìyá jókòó, hẹ́dífóònù lórí, ọwọ́ lórí itan, bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

"Ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì, Mà."

"Àwọn olóṣèlú ò dákẹ́ tó báyìí rí."

Nígbà tó di ọ̀sán Fúráìdé, ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó sì yí rédíò sókè. "Jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn ìkẹyìn mi nílé yìí." Àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ti dì í tán. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Nọ́ọ̀sì ni, aṣọ oorun lọ́rùn, ojú pípọ́n. Mo dìde láti bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ."

"Ta ló ń lọ?" Ó rí àpótí. Ó lọ yí rédíò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. "Màmá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Kí o lè rí oorun sùn."

"Ẹ̀! Màmá, rédíò ni mo ní kí ẹ dín kù, mi ò ní kí ẹ dín èèyàn kù!" Ó jókòó sórí àpótí náà bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e. Ìgbà náà ni ó rí adápítọ̀ lẹ́nu rédíò. "Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Irú rẹ̀ ló wà nínú mọ́tò mi. Gbígbà ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ó ń gba orin látinú fóònù mi, ó ń gbé e fún rédíò mọ́tò. Hẹ́dífóònù náà, gbígbà ló ń gbà. Etí méjì lẹ gbé síwájú ara wọn; ẹnu dà? Èyí tó ń ránṣẹ́ ni kí ẹ lọ béèrè."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ìkòríta.

"O ta etí fún mi," ni mo wí fún Ó-Wà. "Ẹnu ni mo fẹ́. Adápítọ̀ tó ń fi ohùn ránṣẹ́."

"Ó wà!" Ó tú abẹ́ tábìlì. Ó gun àga, ó tú orí pẹpẹ. Ó bọ́ sílẹ̀, ó nu eruku lọ́wọ́, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: "Kò sí." Ṣùgbọ́n ó ti ń sọdá títì lọ sí ìsọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, orí rẹ̀ wálẹ̀ bí ti ọkọ ìyàwó lọ́dọ̀ àna. Ó gba òmíràn wá, ó fi pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ láàárín àdúgbò."

Nílé, mo fi í bọ ihò rédíò, mo sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ àti ti hẹ́dífóònù mọ́lẹ̀ pa pọ̀. Iná wọn ń ṣẹ́jú, ó ń yára, ó ń yára, lójijì wọ́n dúró, wọn kò ṣẹ́jú mọ́. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di etí mú.

"YÉÈ! Ó WÀ NÍNÚ ORÍ MI!"

Ó dìde, ó rìn dé ilé ìdáná, ó padà, ó tún lọ. Kò sí wáyà tó fà á. Yàrá dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí sálúbàtà rẹ̀ ṣe ń fà nílẹ̀.

"ÀNA MI! WỌ́N NÍ ÒJÒ Á RỌ̀ LỌ́LA!"

"Ẹ má pariwo, Mà!" Kò gbọ́. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín lókè, mo gbọ́ ọ láti inú àjà.

Ṣùgbọ́n àpótí kò kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí Ìyá ṣe kọ ẹ̀yìn sí mi tí ó ń ká aṣọ, mo wí jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ má lọ, Mà." Òjò ọ̀la ló ń gbọ́, kò gbọ́ mi. Mo lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo lọ síwájú rẹ̀, mo sì rọra ṣí hẹ́dífóònù kúrò ní etí rẹ̀ kan.

"Ẹ má lọ."

"Kí lo wí?"

"MO NÍ Ẹ MÁ LỌ, MÀ! ILÉ YÌÍ Á TÓBI JÙ FÚN MI!"

Ó wò mí, aṣọ tí ó ká kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti ní in lọ́kàn?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ pe ọmọ yín lórí fóònù."

"O wá ń wò mí títí mo fi di ẹrù tán. Àgbàlagbà ọkùnrin!" Ó ju aṣọ náà lù mí láyà. "Èmi ń retí kí o sọ ọ́, o ń ra hẹ́dífóònù kiri."

Ó mú fóònù rẹ̀. "Má wá gbé mi mọ́. Rárá, ara mi le. Bí o bá fẹ́ wá kí wa, máa bọ̀." Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ tó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá fa hẹ́dífóònù padà bo etí. "Mi ò gbọ́ ẹ mọ́ o, ìròyìn ń lọ."

Ó pa fóònù. Mo jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi jù lọ, mo sì rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi tutù.