Ẹni Tí Màmá Àyìnkẹ́ Kúnlẹ̀ Fún

Títí Bámilóyè fi wa ọkọ̀ jáde kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn ojú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹnu ṣì ń yà á. Èèyàn ẹlẹ́ran ara bíi tirẹ̀ ló la ojú Màmá Àyìnkẹ́, tó yọ ohun tó ṣú bò ó kúrò, tó sì ti parí iṣẹ́ kí Bámilóyè tó mu tíì kan tán. Ó wo màmá náà nínú dígí, bó ṣe jókòó ṣinṣin lẹ́yìn, tí báńdéèjì funfun bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó mi orí. Iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀, iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán ọmọ èèyàn náà ò sì kéré.

Ojú ọ̀tún yẹn nìkan ló kù fún Màmá. Tòsì ti kú tipẹ́, kò rí ìmọ́lẹ̀ kò rí òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ kí wọ́n tó kúrò: kí Màmá má bẹ̀rẹ̀, kí Màmá má tẹrí ba, kí ohunkóhun má gbò ó jìgìjìgì títí wọ́n á fi tú báńdéèjì náà. "Bí èyí bá lọ, kò sí òmíràn o," nọ́ọ̀sì ní. Bámilóyè ní òun ti gbọ́. Bí ẹni tó gbé ẹyin ló ṣe ń wa Kòróólà rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Màmá Àyìnkẹ́. Nígbà tí bàbá Bámilóyè kú, òun ló gbà á tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, títí dòní kò sì pè é ní Bámilóyè rí. Àkànbí ló ń pè é, oríkì rẹ̀. Bó bá ti pè é báyìí, Bámilóyè, baba ọlọ́mọ tó ń fi ẹ̀rọ gé bébà ní Bajulaiye, á kàn máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré. Ohùn rẹ̀ kì í le nílé. Ní Abúlé Òkúta tó ń gbé, onísùúrù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí, àwọn aládùúgbò tó bá ń jà ló sì máa ń là níjà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sídìí ọkọ̀ kí ẹ wò ó. Ohun tó ń ṣe é níbẹ̀, òun gan-an ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹnì kan bá já wọ iwájú rẹ̀ báyìí, nǹkan kan á gbóná wá láti àyà rẹ̀, á sì gun orí lọ. Ó ti bá ọlọ́kadà jà, ó ti bá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá jà, kódà ó ti fa aṣọ mọ́ pásítọ̀ kan lọ́rùn lójú títì, lọ́jọ́ ìsinmi, pásítọ̀ tí ń lọ wàásù. Màmá ò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún un?

Wọ́n ti wọ Bajulaiye, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ti fara ti ara wọn, tí ọmọlanke tó kó bébà sì ti gba ìdajì ojú ọ̀nà, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan já jáde láti ẹ̀gbẹ́. Ẹja ló kó. Omi yìnyín ń ro sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò dúró, kò wo ọ̀tún kò wo òsì, ó fara gbo Kòróólà, ó sì gbá dígí etí rẹ̀ dànù. Gbàà!

"Jésù!" Màmá di ìjókòó mú. "Àkànbí, kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Ẹ jókòó, ẹ má mira." Ohùn ilé ló fi sọ ìyẹn. Ó wá ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sílẹ̀.

Ẹlẹ́ja náà ti wà nílẹ̀ kó tó débẹ̀. Japhet lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ létí ọ̀sà, yìnyín rẹ̀ ń yọ́, ara sì ń ta á. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì Kòróólà. "Ṣé o fọ́jú ni? Àbí afọ́jú ló ń wa mọ́tò yìí?"

Ká ní ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ ni. Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹbí ń gbàdúrà nítorí ojú kan ṣoṣo, afọ́jú ló bọ́ sí i lẹ́nu. Bámilóyè kẹ̀yìn sí i. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí búùtù, ó sì mú irin jáàkì jáde.

"Ta lò ń pè ní afọ́jú?" Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nípọn, ó sì ha, kò jọ ohùn ẹnikẹ́ni tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò yẹn. "Tún un sọ! Tún un sọ kí n fọ́ orí ẹ síbí! Wọ́n á gbé òkú ẹ lọ lónìí!"

Japhet rí irin, ó sì rí ojú ẹni tó gbé e dání. Gbogbo ìbínú tó bá wá gbẹ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fẹ̀yìn rìn. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ̀mí kọ́ ni dígí. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Bámilóyè ò gbọ́. Ó ti gbé irin sókè. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Kòróólà ṣí.

Màmá Àyìnkẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò ríran rárá, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ lé ara ọkọ̀ bọ̀. Ohùn ọkùnrin méjì ló ń gbọ́: ọ̀kan ń bú ramúramù pé òun máa pànìyàn, ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó kó tó mọ èyí tó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbà wo ni Àkànbí jágbe mọ́ èèyàn rí? Ó na ọwọ́ síwájú, ó rìn lọ bá ẹni tí ń bú ramúramù, ó fọwọ́ kan ṣòkòtò rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ó tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

"Ẹ dákun, ọkọ mi," ó ní. "Ẹ dákun, ẹ má pa á. Àkànbí ni, ọmọ mi ni, òun nìkan ni àbúrò mi fi sílẹ̀ fún mi láyé. Kò mọ ìjà jà láti kékeré. Bó bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kí ẹ lù."

Orí Bámilóyè wú. Kò sí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní ilẹ̀ wa tí kò bẹ̀rù kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún òun. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n kúkú ṣẹ́ èpè fún òun. Èyí wá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n ló ń fi "ẹ dákun" bá a sọ̀rọ̀, tí kò mọ̀ pé Àkànbí ni, tó ń bẹ Àkànbí pé kó má pa Àkànbí. Ojú kan ṣoṣo tó ń dáàbò bò láti àárọ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn, lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ń tẹ̀wé ti jáde síta. Bàbá kan tó ń ti ọmọlanke ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú láyà, bí ìgbà tí ohun mímọ́ kan ń kọjá lọ. Bámilóyè fẹ́ sọ pé ẹ dìde, ṣùgbọ́n kò lè lanu. Bó bá sọ̀rọ̀ níbi tó dúró sí yẹn, Màmá á mọ̀.

Japhet ló gbà á sílẹ̀. Ó wo Màmá, ó wo Bámilóyè, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó yọ irin lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e sílẹ̀ láìdún, ó sì wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. "Màmá, ẹ dìde. Ó ti gbọ́. Ó ti lọ."

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màmá. Ọmọ yín rèé." Ó mú ọwọ́ Bámilóyè, ó fi í sínú ọwọ́ Màmá.

"Àkànbí? Ṣé kò fọwọ́ kàn ọ́?"

"Kò fọwọ́ kàn mí, Màmá mi." Ohùn náà kéré gan-an.

Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, omi ti rin ìsàlẹ̀ báńdéèjì. Bámilóyè gbé e padà sínú Kòróólà. Japhet bọ́ sínú ọkọ̀ ẹja rẹ̀, ó tan iná, ó sì ṣáájú wọn padà sí ilé ìwòsàn, ó ń na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ń bẹ àwọn tó wà lọ́nà. Ọ̀nà sì ń là. Ọlọ́kadà yà, Márúwá yà. Ọ̀nà tí Bámilóyè ti ń fi ìjà wá láti ọjọ́ tó ti ń wakọ̀, ẹ̀bẹ̀ ló là á sílẹ̀ níwájú rẹ̀ yìí, ó sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tí ń lálàá.

Dókítà tú báńdéèjì náà lójú wọn. Ó tan iná kékeré sínú ojú, ó wò ó pẹ́. Bámilóyè di etí bẹ́ẹ̀dì mú, kò lè gbàdúrà. Dókítà wá mí kanlẹ̀. Ó ní omijé lásán ni, nǹkan kan ò yẹ̀.

Màmá ṣẹ́jú. Ó wo ògiri. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó yíjú.

"Àkànbí," ó ní. "O ti hewú."

Bámilóyè bú sẹ́kún. Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka tọ ojú rẹ̀, imú rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wá bèèrè: "Ọkùnrin yẹn ńkọ́? Ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Mi ò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

Japhet, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ti fẹ́ tún sọ pé ó ti lọ. Bámilóyè gbọ́wọ́ sókè sí i. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù yẹn.

"Màmá, òun lẹ̀ ń wò."

Màmá wò ó. Ó wò ó pẹ́ pẹ̀lú ojú tuntun yẹn, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò bú u. Ì bá dára kó bú u.

"Ta wá ni mo bẹ̀bẹ̀ fún?" ó bèèrè.

"Èmi ni, Màmá," Japhet ní lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ará Ìlàjẹ ni mí, Màmá. Ẹja ni mo ń gbé."

"Sún mọ́ mi." Ó di orí rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ Bámilóyè wò. "Mo ti pè ọ́ lọ́mọ mi lójú títì," ó ní. "Mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."

Bámilóyè ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó ní kó dìde.