Abíọ́nà Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Òkè

Àlá kan ni mo lá mọ́jú òní, Bàbá Ìtùnú. Ẹ̀yin ọmọ, àdúrà ti parí, ṣùgbọ́n ẹ jókòó díẹ̀ kí n rọ́ ọ fún yín. Èmi fúnra mi kò sí nínú àlá náà. Abíọ́nà àbúrò mi ni mo rí. Mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo ènìyàn láti ojú fèrèsé, n kò sì lè bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ kúkú mọ Abíọ́nà. Ojú ọ̀nà ni wọ́n bí i sí, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó ń pẹ́ bíi tirẹ̀ kí ó tó gbéra. Láti ìgbà tí àìsàn ẹsẹ̀ ti dá ìyá wa dúbúlẹ̀ ní ìlú àtijọ́ lórí òkè, tí wọ́n ń ránṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pé àwọn fẹ́ fi ojú kan ọmọkùnrin àwọn, ohun tó ń wí ni pé òun yóò ra kẹ̀kẹ́ kan tí òun yóò fi gòkè. Ọ̀kadà kò lè gba àárín àpáta wọ̀nyẹn, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ wo? Láti òjò àkọ́rọ̀ ló ti ń bèèrè. Nídìí oúnjẹ àná, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, bírékì olóròóró àti bírékì oníwáyà ló ń sọ títí ọbẹ̀ fi tutù níwájú rẹ̀. Bóyá ohun tó bá mi wọ inú oorun nìyẹn.

Nínú àlá náà, Abíọ́nà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ojú ọjọ́ ṣú bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i. Kẹ̀kẹ́ ló kún orí àga dípò ìjọ. Wọ́n gbé táyà iwájú lé ẹ̀yìn àga tó wà níwájú wọn, wọ́n sì tẹ hándù wọn ba bí ẹni tó ń gbàdúrà. Kò ya Abíọ́nà lẹ́nu. Ó kí wọn pé, "Ẹ kú ìsìn o." Wọ́n lu aago wọn dá a lóhùn.

Nígbà náà ni ọmọrí ìkòkò ìyá wa yí gbirigbiri wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Láti orí òkè ló ti ń yí bọ̀, ó sì ń mí hẹlẹ.

"Abíọ́nà," ni ọmọrí ìkòkò wí, "ìyá rẹ ní iṣu ti jinná. Wọ́n ní àwọn yóò máa retí rẹ títí oòrùn yóò fi kan orí igi. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn yóò lọ."

"Níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Wọn kò rán mi débẹ̀."

Abíọ́nà ní, "Ó dáa. Mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n yan kẹ̀kẹ́ ná."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì di ṣọ́ọ̀bù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣípò. Pẹpẹ di káńtà. Obìnrin ọlọ́jà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, sípánà ló fi di irun orí rẹ̀.

"Òkè ni mo fẹ́ gùn, mà," ni Abíọ́nà wí.

"Gígùn nìkan ni, àbí gígùn pẹ̀lú sísọ̀?"

"Ìyá mi ló wà lókè."

"Sísọ̀ ń bẹ níbẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í gbé orí òkè ìyá rẹ̀ títí." Obìnrin náà nu káńtà. "Kẹ̀kẹ́ eré ìje fúyẹ́, yóò gùn ún wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá ń sọ̀, yóò jù ọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gún. Èyí tí wọ́n fi ń fò láti orí àpáta wúwo, ìwọ ni wàá gbé e gòkè, kì í ṣe òun ni yóò gbé ọ. Ti àárín ni tìrẹ, kẹ̀kẹ́ ọ̀nà igbó. Hándù rẹ̀ fẹ̀, táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní ṣọ́ọ̀kì níwájú tí kì í jẹ́ kí àpáta gbọn ọwọ́ rẹ yọ. Ó ku kí o wo ẹ̀yà ara tí wọ́n tò sí i, bóyá ti olówó pọ́ọ́kú ni tàbí ti ọba."

Kẹ̀kẹ́ pupa kan wúkọ́ lẹ́yìn. Ó ní, "Gbé mi, n kò wọ́n. Gíà mi a máa yọ lójú òkè, bírékì mi kì í sì í gbọ́ràn bí òjò bá rọ̀. Ṣùgbọ́n mo pupa."

Abíọ́nà gbà pé ó pupa lóòótọ́.

Èkejì wà lórí àga iwájú. Ó fúyẹ́ débi pé òwú ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. "Èmi rèé," ni ó wí. "Ẹ̀yà ara mi dára ju ẹ̀yà ara tìrẹ lọ. Bí o bá gùn mí, èmi nìkan ni n ó dé."

Ẹ̀kẹta ní àwọ̀ eérú, ojú ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Ohùn rẹ̀ dà bí ti alàgbà tó ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sìnkú. "Bírékì mi ní òróró nínú," ni ó wí. "Gíà tí mo fi ń gòkè rọrùn fún orúnkún. N kò wúwo jù, n kò fúyẹ́ jù, kò sí ohun ìyanu lára mi. Gùn mí ká máa lọ, oòrùn ń wọ̀."

Ẹlòmíràn ì bá ti gùn ún. Abíọ́nà kọjú sí obìnrin náà. "Mà, ìpele ẹ̀yà ara èyí, ṣé kò sí èyí tó fi díẹ̀ ga jù ú lọ?"

Obìnrin náà yọ sípánà kúrò lórí, irun rẹ̀ sì tú bo ojú rẹ̀. "Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì," ni ó wí.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lófuurufú ní ìdajì òkè. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ àpáta kí ó má baà ṣí lọ. Abíọ́nà di ṣéènì náà mú, ó sì ń gùn ún. Ẹ wò ó, ẹni tí orúnkún ń dùn ló gun ṣéènì dé ìdajì òkè, kò sì wá sí i lọ́kàn pé bí òun bá ti fi agbára yẹn gun àpáta, òun ì bá ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá òun.

Afẹ́fẹ́ inú ọ́fíìsì náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbá àmì ohùn kúrò lórí ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí. Àwọn àmì náà kó jọ sí igun ilé bí ìyẹ́ esunsun lẹ́yìn òjò. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó ní ìlà kan, olúkúlùkù pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ọ̀gá wọn gbé ojú sókè.

"Ipele wo lo fe?" ni ó bi í.

Abíọ́nà dúró, ó ń rò ó. Ó lè jẹ́ ìpele ni ọ̀gá ń wí, ipò tí ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ wà. Ó sì lè jẹ́ ìpèlé, aṣọ tí obìnrin fi ń bo èjìká. Ojú tì í láti ní kí wọ́n tún un wí.

"Ti ìyá mi ni, sà," ni ó dáhùn. "Èyí aláró."

"Ti iya re," ni ọ̀gá wí. "O da bee."

Ó gbé òǹtẹ̀ sókè. Kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀, ìwo ti hù lórí rẹ̀, pátákò ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Òbúkọ ni. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń jẹ táì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó kù náà ń di ewúrẹ́ bí ipò wọn ti tẹ̀ léra, kò sí ẹni tó ré ọ̀gá rẹ̀ kọjá. Akọ̀wé kékeré tó wà nídìí ilẹ̀kùn ṣì ń dúró kó kàn án.

Abíọ́nà ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

Ilẹ̀ ọ́fíìsì là, ó sì rọra gbé e padà sí ìdí òkè. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ eérú ti dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ṣéènì rẹ̀. Ìpèlé aláró ìyá wa ni wọ́n lọ́ mọ́ ara gíà dípò rẹ̀. Ó ń rùn bíi káńfọ̀ àti èéfín igi. Abíọ́nà fi ọwọ́ kàn án, inú rẹ̀ dùn pé wọ́n fún òun ní ohun tí òun bèèrè. Kò bèèrè ohun tó kù léjìká ìyá wa.

"N kò mọ ẹni yìí rí," ni bírékì wí.

"Aṣọ ni," ni gíà dáhùn. "Kì í ṣe ẹgbẹ́ wa."

"Ẹ dákẹ́," ni ìjókòó wí. "Ara kan ni wá. Òun ni yóò fà wá lọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún un."

Oòrùn ti ń kan orí igi. Abíọ́nà tẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú wò, ó tún un tẹ̀. "Ìpele tó ju èyí lọ," ni ó wí, "ṣé ó wà?"

"Ó wà," ni kẹ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Òmíràn wà lókè ìyẹn, òmíràn sì tún wà lókè rẹ̀. Ìyẹn kì í tán, Abíọ́nà. Ojúmọ́ ni í tán."

Ó gùn ún wàyí. Òtítọ́ kì í ṣe ohun à ń fi pamọ́, kẹ̀kẹ́ náà dára. Táyà ń gbá àpáta mú bí ọwọ́ ìkókó, aṣọ ìyá wa sì ń yí nínú gíà láìdún. Kí Abíọ́nà tó mí dáadáa, ó ti dé òkè. Òkè tó ti ń bẹ̀rù láti òjò àkọ́rọ̀ kò ju òkìtì ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó bojú wẹ̀yìn wò ó, ojú sì tì í.

Ilẹ̀kùn ìyá wa wà ní títì. Iṣu ti tutù nínú àwo, eṣinṣin pàápàá ti fi í sílẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì jókòó lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwo rẹ̀, ó ku ìdajì táì lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, sà. Ìyá mi ńkọ́?"

"Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀," ni òbúkọ wí. "Ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà. Wọ́n dúró dè ọ́ títí. Wọ́n ní ó jọ pé ọmọ àwọn kò rí ohun gùn, kí àwọn kúkú lọ pàdé rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn ńkọ́?"

"Òun náà ni wọ́n fi lọ."

Abíọ́nà sáré dé ẹ̀yìn ilé. Ó rí ìyá wa nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n kéré bí ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́. Ọ̀pá wọn ń dún lórí àpáta: kọ́, kọ́, kọ́. Èjìká wọn wà ní ìhòòhò, afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì ń fẹ́ lù wọ́n. Ìgbà yẹn ni ó tó rántí ibi tí aṣọ wọn wà.

Ó pè wọ́n: "Iya. Iya mi."

Afẹ́fẹ́ ti gbá àmì lọ. Ohun tó dé etí wọn lè jẹ́ ìyá, ó sì lè jẹ́ ìyà. Ìyá wa dúró, wọ́n tẹ́tí. Ẹni tó ti pẹ́ láyé tó wọn mọ èyí tí òun máa ń gbọ́ jù nínú méjèèjì. Wọ́n mi orí, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Yọ aṣọ wọn kúrò lára mi, kí o fi ẹsẹ̀ sáré gbé e lé wọn lọ́wọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi í sílẹ̀ kí n lè gbé ọ sọ̀ kalẹ̀, kí òtútù máa mú wọn títí a ó fi bá wọn. Ṣe ọ̀kan."

Abíọ́nà jókòó sórí àpáta.

"Jẹ́ kí n rò ó wò ná," ni ó wí.

Oòrùn wọ̀. N kò rí i mọ́, n kò rí ìyá wa. Ìró ọ̀pá wọn nìkan ni mo ń gbọ́, kọ́, kọ́, kọ́, ó sì ń jìnnà sí i.

Mo la ojú. Omi òrùlé ló ń kán sínú garawa lójú fèrèsé wa. Òjò ti dá, ilẹ̀ ti mọ́. Bí mo ti ń wá ìborí mi ni ẹnìkan rọra kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jíire bí?" Abíọ́nà ni, ó di fóònù mú, àwòrán táyà ń bẹ lójú rẹ̀. "Òjò ti rọ̀, àpáta á máa yọ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Táyà eléyín ńlá ló dáa ni, àbí eléyín wẹ́wẹ́?"

Mo wò ó. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, n kò lè bínú sí i. Mo ní, "Abíọ́nà, àwa méjèèjì ń fi ẹsẹ̀ gòkè lónìí. Bí orúnkún bá ń dùn ọ́, wàá fara tì mí. A ó máa sinmi lọ́nà."

Kò bá mi jiyàn, ẹ gbóríyìn fún un. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n mi," ó sì wọ yàrá lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí i níbi àdúrà. Mo yọjú wò ó kí n tó wá jókòó tì yín. Ó to gbogbo bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bi mí èwo ni kò ní yọ̀ lórí àpáta.

Kò burú. Ẹlẹ́dàá rẹ̀ mọ ìdí. Ìtùnú, bá mi gbé aṣọ òtútù yẹn wá, èyí tó nípọn, ìyá àgbà ni yóò fi bora. Èmi ti ń gòkè lọ. Bí Abíọ́nà bá rí bàtà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ sọ fún un pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà.