Àpò Ẹ̀ṣẹ́ Ẹ̀yìnkùlé Teodosio

Ìgbà tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dioselina jinná tán, tó lè jẹ ẹran láìsọkún, ló tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún Teodosio, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bákóònì onípákó tó kọjú sí òpópónà, òjò ìlú Colón létí òkun sì ń dà ṣooroṣo látorí páànù bó ṣe máa ń dà lọ́sàn-án gbogbo.

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn."

Teodosio wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá náà ń gbọ̀n lórí itan bí ewé tí atẹ́gùn kò jẹ́ kó sinmi. "Ta lo fẹ́ lù?"

"Mi ò fẹ́ lu ẹnì kankan."

"Irọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ lu ẹnì kan, ijó ló máa ń lọ kọ́."

Láyé ọjọ́un, kò sẹ́ni tí kò mọ Teodosio ní Colón. Ìbaaka ni wọ́n ń pè é, torí pé bí wọ́n lù ú títí, kò ní kúrò lójú kan. Ohun tó fún un lórúkọ náà ló wá gba làákàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣẹ́ tó dúró gbà nígbà èwe ń jẹ ọpọlọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi òrùlé. Á kó bàtà sínú fíríìjì. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan, á sì fi í sílẹ̀ lágbedeméjì bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìtíì délé. Á béèrè àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìyẹn ìyá Dioselina, tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Dioselina sá kúrò lọ́dọ̀ Abdiel ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá yìí ló sá wá. Òun ń wá ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Bàbá ń wá ẹni tí yóò máa rán òun létí pé òun ti jẹun.

Abdiel ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, níbi tí wọ́n ti ń já àwọn àpótí ńlá inú ọkọ̀ òkun. Ẹ̀rín ló fa wàhálà. Ọkùnrin kan ló dápàárá nínú bọ́ọ̀sì, Dioselina rẹ́rìn-ín; nígbà tí wọ́n délé, Abdiel fọ́ ọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bi í léèrè ní ọsibítù, ó fi ọwọ́ júwe, torí ẹnu rẹ̀ kò ṣeé là: òun ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì kọ ohun tó sọ sílẹ̀.

Àpò kanfáàsì tí àwọn atukọ̀ fi ń kẹ́rù ni Teodosio ní kó wá rà. Dioselina fẹ́ bu yanrìn sí i.

"Yanrìn kẹ̀? Ṣé o fẹ́ fọ́ ọwọ́ ẹ ni? Yanrìn á sọ̀ kalẹ̀ sídìí àpò, á gan bí òkúta. Àkísà ni. Gé gbogbo bọ́tìnnì kúrò, kó o sì kì í títí tí kò fi ní gbà mọ́."

Míìsì Ivy, opó tó ń gbé nísàlẹ̀, tó ń din pátí, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran sínú rẹ̀, tà níwájú ilé, kó aṣọ òkú ọkọ rẹ̀ wá. Ó ju ṣòkòtò kan sílẹ̀. "Ẹ kì í sínú ẹ̀. Ọkọ mi ò fi ṣòkòtò yìí ṣiṣẹ́ kankan nígbà ayé ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ báyìí."

"Míìsì Ivy, òkú kì í gbọ́ èébú," ni Teodosio wí.

"Nígbà tó wà láàyè náà, kò gbọ́ ọ."

Wọ́n so àpò náà kọ́ igi àjà lábẹ́ bákóònì ẹ̀yìnkùlé. Teodosio mú aṣọ gígùn kan, ó ní kí Dioselina na ọwọ́ jáde. Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́ wá ń wé aṣọ náà mọ́ ọrùn ọwọ́ ọmọ, ó ń gbà á láàárín ìka, ó ń gbé e kọjá lórí kókó ìka, kò sì ṣìṣe níbì kankan. Gbígbọ̀n náà dúró. Dioselina kò mí títí tó fi wé e tán.

"Ẹsẹ̀ òsì síwájú. Má tò wọ́n bí ẹni tó ń rìn lórí okùn. Jẹ́ kí orúnkún rọ̀. Fi àgbọ̀n pamọ́. Ó dáa. Kókó ìka méjì àkọ́kọ́ ni kó balẹ̀. Gbá a."

Dioselina gbá a. Àpò lọ, ó bọ̀.

"Má tì í! Ilẹ̀kùn kọ́ ni. Gbá a, kó o sì gba ọwọ́ ẹ padà, bí ìgbà tó o bá fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. Mí síta!"

Ó tún gbá a. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ mọ́. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ó ń lù ú bí ẹni tó ń lu ejò. Lójijì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ́, ìrora náà sì gbéra títí dé ìgbúnwọ́. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù.

Teodosio kò dìde lórí korobá tó dojú rẹ̀ dé jókòó lé. "Ta lo rí nínú àpò yẹn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Lé e jáde. Ẹni tó bá ń rí ojú èèyàn nínú àpò, apá ẹ̀ á ti kú kí agogo ìjà tó dún. Àkísà ló wà níbẹ̀. Ṣòkòtò ọkọ Ivy ló wà níbẹ̀. Kí ni ṣòkòtò ọkọ Ivy ṣe fún ọ?"

Dioselina rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Láti ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti jinná, kò tíì rẹ́rìn-ín.

Fún ìgbà díẹ̀, kò lè gbé apá sókè ya irun. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù kan, níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ sínú páálí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi í pé kí ló ń ṣe tó fi ń rìn bí arúgbó. Nígbà tó yá, ìrora náà lọ. Ìró àpò yí padà: kò dún pùù mọ́, gbì ló ń dún. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, bàbá á ti gbé korobá síta, á ti ká aṣọ ọwọ́ jọ sórí itan. Ní ẹ̀yìnkùlé yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já geere. Á sọ̀tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá tún ti gòkè padà, ìkùukùu á tún bò ó.

Nígbà mìíràn, Abdiel á wá fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù ará Ṣáínà tó wà ní òdìkejì títì.

"Dióse! Wọ́n ní o ti di ọkùnrin! Ṣé irùngbọ̀n ti hù?"

Dioselina kì í dá a lóhùn. Àmọ́ Teodosio máa ń da orí kọ ibi tí ohùn náà ti ń wá. Ó lè gbàgbé bóyá àárọ̀ ni tàbí alẹ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ohùn yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni nǹkan bàjẹ́. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Dioselina ń kan òsì méjì, ọ̀tún kan. Bàbá ń fi ẹnu kà á fún un. Ọkọ̀ àwọn tó ń ta gáàsì dúró lẹ́yìn ògiri, ọ̀kan nínú wọn sì fi irin lu sílíńdà kí àwọn ará ilé lè gbọ́: gbáńgán, bí agogo ìjà ẹ̀ṣẹ́!

Teodosio dìde lórí korobá. Gbígbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ dúró. Dioselina yíjú láti béèrè bóyá ó fẹ́ mu omi, ojú tó rí kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ẹ̀ṣẹ́ òsì ló kọ́kọ́ bà á, ní ẹyinjú. Kò sí ìbínú nínú ẹ̀ṣẹ́ náà. Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ṣe lù ú. Èkejì ba apá rẹ̀ tó gbé sókè. Kí ẹ̀kẹta tó dé, ó rí i pé àgbọ̀n bàbá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọwọ́ Dioselina rí i kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ọwọ́ ọ̀tún náà ti gbéra, ó ti dé ìdajì ọ̀nà, kó tó dá a dúró. Ó ju ara rẹ̀ mọ́ bàbá, ó dì í mú pinpin, ó fi orí sí i láyà.

"Bàbá, èmi ni. Dióse ni. Ìjà ti parí. Wọ́n ti gbé ọwọ́ yín sókè. Ẹ̀yin lẹ borí."

Bàbá ń mí gùlegùle. Díẹ̀díẹ̀, apá rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó tú ara rẹ̀ sílẹ̀, tó rí ojú tó ti ń wú, ó béèrè:

"Ta ló fọwọ́ kàn ọ́?"

"Mo ṣubú ni, Bàbá. Ilẹ̀ ń yọ̀."

Ó wò ó títí. "Ìyá ẹ náà máa ń ṣubú," ló wí jẹ́jẹ́, ó sì gòkè lọ.

Míìsì Ivy ti rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ó gbé omi dídì tí ó fi aṣọ wé wá.

"Sọ fún un."

"Tí mo bá sọ fún un pé òun ló lù mí, ìbànújẹ́ á pa á."

"Tí o ò bá wá sọ fún un ńkọ́?"

Dioselina fi omi dídì náà bo ojú. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá á ti gbàgbé, bó ṣe ń gbàgbé ohun gbogbo.

Kò gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí Dioselina lọ síbi iṣẹ́, tí Míìsì Ivy ń din pátí lọ́wọ́, Teodosio wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ ségesège, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bàbá tó máa ń ṣìnà láàárín yàrá àti ilé ìdáná rìn tààrà dé ẹnu géètì èbúté. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló wá ròyìn fún gbogbo àdúgbò.

Wọ́n ní ó pe Abdiel jáde lórúkọ. Abdiel kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ lọ sùn. Mi ò fọwọ́ kan ọmọ yín láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé mi."

Òótọ́ ló sọ. Bóyá òótọ́ kan ṣoṣo tó sọ lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Teodosio fi òsì kàn án nímú, ó sì fi ọ̀tún wá egungun ìhà rẹ̀ kàn. Abdiel wólẹ̀ lórí eékún. Àwọn òṣìṣẹ́ figbe ta, "Ìbaaka! Ìbaaka!" wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi Abdiel rẹ́rìn-ín. Bóyá bí kò bá sí ẹ̀rín yẹn, kì bá lọ bẹ́ẹ̀. Abdiel dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti bàbá láyà. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ lójú kan nígbà ayé rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, etí sìmẹ́ńtì ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì gbá a nípàkọ́.

Dioselina bá a ní ọsibítù. Kò lajú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà kò sì gbọ̀n rárá. Kí òòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ó kú.

Ojú Dioselina ṣì dúdú nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ránṣẹ́ pè é. Gbogbo òpópónà ló ti dá ẹjọ́ tirẹ̀: Abdiel ló lù ú lójú, bàbá lọ gbèjà ọmọ, Abdiel pa á. Míìsì Ivy sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Sọ pé òun ni. Gbólóhùn kan péré. Ó fọ́ ẹ lẹ́nu, ó jẹun, ó sùn. Ẹ̀san ẹnu yẹn ni kó o gbà."

"Irọ́ tí mo pa ló gbé Bàbá dé ibi tó kú sí, Míìsì Ivy. Mi ò lè pa òmíràn lé e lórí."

"Òkú ò ní bi ọ́."

"Mo mọ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ojú, ó sọ ẹni tó lù ú àti bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì dárúkọ ẹni tó fọ́ ọ. Agbẹjọ́rò náà mí kanlẹ̀.

"Balùwẹ̀ lo sọ fún wọn nígbà yẹn, arábìnrin mi. Kò sẹ́ni tó máa gbà á báyìí."

Ilé ẹjọ́ ní bàbá ló kọ́kọ́ nawọ́, kò sì sí ohun tí Abdiel ṣe tó fi wá bá a jà. Ẹ̀wọ̀n ọdún díẹ̀ péré ni wọ́n fún Abdiel, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń sọ pé kò ní lò ó pé. Ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ní Dioselina gbèjà ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ó ṣì ń fẹ́ ẹ. Àwọn tó ti bá a sọkún ní àìsùn ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ṣe fún bàbá kò dá a lóhùn mọ́ bó bá kí wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ìyá Abdiel gun àtẹ̀gùn wá, ó bu ìrẹsì alágbọn àti ẹ̀wà guandú tó jọ òtílí sínú abọ́, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ó wá dúpẹ́ ẹ̀rí tó jẹ́ ni. "Ọlọ́run á san án fún ọ, ọmọ mi. Ọmọ gidi ni ọ́." Dioselina ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Abọ́ náà wà lórí àtẹ̀gùn títí di ọjọ́ kejì, Míìsì Ivy rí i nígbà tó ń gbálẹ̀, ó mọ ohun tí wọ́n fi ń dúpẹ́, kò sì bá Dioselina sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò sẹ́ni tó rántí gbé àpò ẹ̀yìnkùlé wọlé ní gbogbo àkókò yìí. Òjò tó ń fẹ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ti wọ inú rẹ̀ lọ, àkísà ti mu omi yó, ó sì ti ń rùn. Igi àjà ń dún kíìkíì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń bọ̀, Dioselina gun àga, ó tú okùn. Àpò náà já lulẹ̀ gbì, omi dúdú sì ń ṣàn jáde lára rẹ̀. Ó fà á, kò mira. Ó tún fà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀.

Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí. Míìsì Ivy jáde, ó nu ọwọ́ sára ápúrọ́ọ̀nù, kò wo ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wá etí àpò tí yóò dì mú.

"Gbé ẹ̀gbẹ́ tìẹ," ló wí.

Àwọn méjèèjì gbé e jáde sí títì.