Àna Méjì Tí Wọ́n Re Ibodè

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa ilẹ̀ ayé, àmọ́ kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ibodè kankan rí. Òkè ni wọ́n máa ń gbé e gbà, nínú bàálù, bí ẹrù tí wọ́n dì sínú páálí. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sọ fún un pé àwọn ọjọ́ tí wọ́n fún un láti fi ṣe àlejò afẹ́ ní ìlú náà ti ń tán lọ, pé ó ní láti jáde lọ sí orílẹ̀-èdè kejì kó sì padà wọlé, kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ tuntun sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ibi tí ẹlòmíì ti máa kùn ni inú tirẹ̀ ti dùn.

"Ṣé ojú ilẹ̀ la máa gbà?" ló béèrè.

"Ojú ilẹ̀ ni, Bàbá. Kò ju wákàtí méjì lọ."

Láti ọjọ́ náà ni tábìlì ìjẹun ti di ọ́fíìsì. Tíṣà tẹ́ máàpù sí i, ó gbé rúlà lé e, ó gbẹ́ pẹ́ńsù pupa títí ẹnu rẹ̀ fi mú bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn páálí ìlédìí ọmọ ló kọ ètò ìrìn-àjò náà sí: aago tí wọ́n máa jí, aago tí wọ́n máa kúrò nílé, ibi tí ọkọ̀ á ti yà kí ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ lè tọ̀. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá, ni wọ́n máa lọ, torí ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ ò ní lọ síbi iṣẹ́, òun ni yóò sì fi ọkọ̀ gbé wọn.

"Wọn" tí mo ń wí yìí, òun àti Nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì ni ìyá ìyàwó ọmọ rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ-ọmọ wọn, ọjọ́ kan náà ni àwọn tọkọtaya náà mú kí àwọn méjèèjì dé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ka ẹnì kejì kún ju òun lọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbé inú ilé kan náà, wọn ò sì bára wọn jà rí. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ àna ti rí á mọ̀ pé ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n ń bára wọn ṣeré. Bí Nọ́ọ̀sì bá jókòó sí pálọ̀, Tíṣà á rántí pé òun ní ìwé kan tí òun fẹ́ kà ní yàrá. Bí Tíṣà bá wà ní ilé ìdáná, òùngbẹ tó ń gbẹ Nọ́ọ̀sì á sún síwájú. "Ẹ kúuṣẹ́, àna wa." "Ẹ ṣeun o, àna wa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀wọ̀ pọ̀ láàárín wọn débi pé ọ̀rọ̀ ò ráyè kọjá.

Ní àárọ̀ Wẹ́sídé ọ̀sẹ̀ náà, Nọ́ọ̀sì wá síbi tábìlì láti wo aago tí wọ́n ní kí òun jí. Ó fi awò rẹ̀ sí ṣóńṣó imú, ó dúró ka ètò náà láti òkè délẹ̀. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó máa padà, páálí róbótó méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ìdè kékeré kan há pọ̀ láàárín, tí ọ̀kan ń yí lórí èkejì. Òun ló fi máa ń sọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ fún àwọn aboyún nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

"Àna wa, ẹ má bínú o. Ọjọ́ mélòó ni wọ́n kọ sínú òǹtẹ̀ yẹn?"

"Àádọ́rùn-ún ọjọ́, mà. Oṣù mẹ́ta."

"Èwo nínú méjèèjì?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tó máa ń rín sí ọmọ iléèwé tó bá béèrè ohun tí gbogbo kíláàsì ti mọ̀. "Ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kà á ni, inú ọkọ̀ ni ìdajì àwọn obìnrin mi ì bá máa bímọ sí." Ó yí páálí náà. "Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje la dé, wọ́n sì ka ọjọ́ yẹn mọ́ ọn. Oṣù keje ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, a lo méjìlélógún níbẹ̀. Ẹ ro mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti oṣù kẹjọ mọ́ ọn. Ẹ ro ọgbọ̀n ti oṣù kẹsàn-án mọ́ ọn."

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rin," ni Tíṣà wí. Ohùn rẹ̀ ti ń wálẹ̀.

"Ó ku méje. Òní ọjọ́ mélòó?"

Tíṣà gbójú sókè. Kàlẹ́ńdà wà lára ògiri lókè orí rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ keje ni.

Ojú ti Tíṣà débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká máàpù rẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó ká a. Èèyàn tó mọ ibi tí odò gbogbo ti ṣẹ̀, tí kò mọ ọjọ́ kà. Ó tẹ ọmọ rẹ̀ láago. Ọmọ náà ní òun wà nídìí ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ ìgò tí òun ti ń ṣiṣẹ́, pé bí òun bá fi í sílẹ̀ báyìí, ìgò á tò délé ọ̀gá. Kò lè kúrò níbẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù, aago mẹ́fà ni ibodè sì ń ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló bọ́ síta pẹ̀lú ọmọ léjìká. "Bọ́ọ̀sì wà," ló wí. "Ọ̀kan ń lọ síbodè láago mẹ́wàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Màámi, ẹ wọ bàtà tó rọ̀. Bàbá, fìlà yín wà lórí fíríìjì."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ètò náà kọ," ni Tíṣà wí.

"Àna wa," ni Nọ́ọ̀sì fèsì, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, "ẹ jẹ́ ká tún un kọ nínú ọkọ̀."

Bí àna méjì tí kì í jókòó pọ̀ ní pálọ̀ ṣe dẹni tó fara kan ara wọn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì nìyẹn. Tíṣà wà lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ fi ilé sẹ́yìn tí òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ìdí tí òkè wọ̀nyí fi pẹlẹbẹ lórí, ọ̀nà tí odò gbà kí ó tó yẹ̀ sí apá ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ohùn yín dára fún oorun, àna wa," ó sì sùn tòótọ́. Tíṣà rò ó bóyá kí òun bínú. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí i tí orí obìnrin náà ń mì, tí ẹnu rẹ̀ yà díẹ̀, ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ń bá àlàyé náà lọ jẹ́jẹ́ kó má baà jí.

Ní ibodè, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ṣí pásípọ́ọ̀tù wọn wò. "Òní ló pé," ló wí.

"A mọ̀," ni Tíṣà dáhùn, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti inú oyún. Nọ́ọ̀sì wúkọ́.

Afárá gígùn kan ni wọ́n ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn kọjá sí òdìkejì. Nígbà tí wọ́n dé àárín rẹ̀, Tíṣà dúró. Gbogbo ọdún tó fi kọ́ni, ṣọ́ọ̀kì pupa ló fi máa ń ya ibodè sára pátákó, ìlà kan, ẹ̀kán kan, ìlà kan, ẹ̀kán kan. Ìlà ọ̀dà yẹ́lò kan tí táyà ọkọ̀ ẹrù ti họ dànù ló bá nílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sí ìhín, ó gbé ìkejì sí ọ̀hún.

"Ṣé nǹkan kan já bọ́ lọ́wọ́ yín ni?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Rárá, mà. Mo kàn ń wò ó ni."

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó wo ilẹ̀, òun náà bá gbé ẹsẹ̀ kan sí ìhín, ọ̀kan sí ọ̀hún. Àgbàlagbà méjì ya ẹsẹ̀ síta lórí afárá. Ọkọ̀ ẹrù kan fun fèrè sí wọn títí wọ́n fi yà fún un.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ló gba ìwé wọn lápá kejì. Ó lu òǹtẹ̀ ìwọlé, ó wá ní, "Ìgbà wo lẹ ń padà?"

"Lójú ẹsẹ̀," ni Tíṣà wí.

"Ìyẹn ò ṣeé ṣe, bàbá. Ẹni tó bá wọlé síhìn-ín gbọ́dọ̀ lo wákàtí mẹ́ta ó kéré tán kó tó jáde."

Kò sí wákàtí mẹ́ta kankan nínú ètò ẹ̀yìn páálí. Wọ́n wá bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tíì, wọ́n ra ife méjì. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà rẹ̀, ó wá fa búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ mẹ́rin jáde nínú báàgì, pẹ̀lú iyọ̀ tó wé sínú bébà. Ìgbà tí Tíṣà ń wá fìlà ló ti dì wọ́n. Wọ́n jẹun, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láti ojú odò.

"Àna wa," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó ń bó ẹyin, "nígbà wo lẹ fẹ́ padà sílé?"

"Ọwọ́ àwọn ọmọ nìyẹn wà."

"Mi ò béèrè tàwọn ọmọ lọ́wọ́ yín."

Tíṣà wo ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rántí àga rẹ̀ tó wà lábẹ́ igi ọsàn. Ó rántí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ta ayò lójoojúmọ́, tó ń tẹ̀ ẹ́ láago ní gbogbo Sọ́ńdè láti sọ pé òun nìkan lòun ń bá ara òun ta á, òun sì ń borí. Láti oṣù kejì tó ti dé ni ilé ti ń pè é.

"Kí n má parọ́ fún yín," ló wí, "ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ máa lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀yin ò mira. Mo wá ní bí mo bá kọ́kọ́ lọ, wọ́n á ní bàbá ọkọ ò fẹ́ràn ọmọ yẹn tó ìyá ìyàwó."

Nọ́ọ̀sì gbé ẹyin kalẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọn èjìká rẹ̀, kó tó wá bọ́ sí ẹnu, ó rín in títí ó fi ń fi etí gèlè nu omijé. "Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè," ló wí. "Mo ní obìnrin tó bá fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àna ọkùnrin, kí ló fẹ́ wí nílé? Oṣù kan ààbọ̀ la fi ń ṣọ́ra wa bí ológbò méjì lẹ́nu ọ̀nà kan."

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, tíì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú rẹ̀ jáde.

Nígbà tí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì wo odò. "Èyí tó dùn mí jù ni pé ọmọ mi ò tíì wẹ ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá ti ń nawọ́ sí i báyìí, ọwọ́ mi á ti yá ju tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọlọ́mọ tí mo kọ́ ní ìwẹ̀ ọmọ ò lóǹkà. Mi ò wá kọ́ tèmi."

Tíṣà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Àjò ò lè dùn kónílé má relé, àna wa. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ."

Wákàtí mẹ́ta pé, wọ́n rìn padà lórí afárá. Ọkùnrin mìíràn ló wà lẹ́yìn gíláàsì báyìí, àgbàlagbà bíi tiwọn.

"Kí lẹ ń bọ̀ wá ṣe?"

Tíṣà ti há èyí sórí láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Ìrìn-àjò afẹ́ ni, ọ̀gá."

"Oṣù mẹ́ta lẹ ti fi ṣe afẹ́. Kí lẹ ti rí nílùú wa?"

Tíṣà ka ohun tó ti rí lọ́kàn ara rẹ̀. Fèrèsé ilé ìdáná ló rí. Okùn tí wọ́n ń sá ìlédìí sí. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Òun, olùkọ́ ilẹ̀ ayé.

"A rí ọmọ-ọmọ wa," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ṣé ó ti hu eyín?"

"Kò tíì hu ú. Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín."

Ọkùnrin náà mi orí, ó sì gbé òǹtẹ̀. "Àádọ́rùn-ún ọjọ́."

"Ẹ dákun, ọ̀gá," ni Tíṣà wí, "ọgbọ̀n tó wa."

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti jókòó sórí àga yìí, òun ò rí ẹni tó bẹ òun pé kí òun dín in kù. Ó fi ọwọ́ kọ ọgbọ̀n, ó buwọ́ lù ú. Kí wọ́n tó dé ìdí bọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì ti kà á tán. "Ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá," ló wí, Tíṣà kò sì bá a jiyàn. Ohun tó bi í léèrè ni ohun tó fẹ́ rí kó tó lọ. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n sọ pé adágún omi ńlá kan ò jìnnà. Tíṣà fa pẹ́ńsù pupa yọ.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fẹ́ wá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Kó tó jókòó ló ti sọ fún wọn pé oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn méjèèjì ń lọ sílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wo ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Bí ẹ bá lọ, Màámi, ta ni á máa wẹ̀ ẹ́?"

"Ta ló bí i?"

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́. Ìyá ọmọ fi ọwọ́ kan di ọrùn ọmọ mú, ó ń fi èkejì bu omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpótí, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kí wọ́n má baà sá lọ. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá omi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nọ́ọ̀sì la ẹnu, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á dé.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé e jáde, tó sì wé e, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

"Ó dára," ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó mí kanlẹ̀. "Ó ku ẹ̀yìn etí díẹ̀."

"Àna wa," ni Tíṣà wí jẹ́jẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo gbìyànjú," ni Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, ọmọ rẹ̀ sì ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ẹ̀yìn etí ọmọ náà.