Píjò Bọ̀dá Clement

Ó rẹ̀ mí. Ẹ má bi mí pé kí ló rẹ̀ mí, torí ẹni tó bá ń wa lọ́rì lóru ní Dagenham Dock ní London kì í ráyè àlàyé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí bẹ́ẹ̀dì ló yẹ kí n gbà lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹwàá, abẹ́ Píjò 504 ni mò ń wọ̀, nínú òtútù, níwájú ilé wa ní Valence. Morónkẹ́ ìyàwó mi á yọjú lójú fèrèsé: "Bàbá Jésùfẹ́mi, ṣé irin yẹn lẹ fẹ́ níyàwó ni?"

Mọ́tò ọ̀hún kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, Bọ̀dá Clement tó ń gbé ní Glasgow. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi ní mọ́tò wíwà, pẹ̀lú ìgbájú àti èébú. Nígbà tí àìsàn dé, tí ojú wọn ò ríran mọ́, wọ́n ní kí n máa bá àwọn tọ́jú ẹ̀. Dókítà wá sọ pé kò dájú pé wọ́n á rí ọdún Àjíǹde. Bọ̀dá pè mí lórí fóònù. "Gòkè, gbé e wá kí Kérésì tó dé. Jẹ́ kí n jókòó sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o gbé mi dé etí òkun. Mi ò tún bẹ̀ ọ́ ní nǹkan míì mọ́." Ẹni tí kì í bẹ èèyàn ló ń bẹ̀ mí yẹn o.

Kí arúgbó mọ́tò rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà òtútù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo wá táyà tí kì í yọ̀ lórí yìnyín. Mo fi gírísì pa gbogbo abẹ́ ẹ̀, torí iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ń jẹ irin bí ikán. Mo ra kúláǹtì, omi búlúù tí kì í jẹ́ kí omi inú rédíétọ̀ dì. Rédíétọ̀ ọ̀hún ti gbó, ó ń jò díẹ̀díẹ̀, ni mo bá gbé kẹ́ẹ̀gì kúláǹtì sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí Morónkẹ́ máa bá mi bù ú kún un nígbà tí mo bá ń sùn. Ó ní òun ti gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tá a fẹ́ lọ, yìnyín ti bo gbogbo koríko. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì han gooro lẹ́ẹ̀kan, ló bá dákẹ́. Mo pe Ṣùáíbù, mẹkáníìkì wa ní Marks Gate. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tanná sí i, ó mi orí.

"Bọ̀dá Gòkè, ẹ́ńjìnnì yín ti là. Kí lẹ bù sínú ẹ̀?"

"Kúláǹtì ni."

"Kúláǹtì ibo? Omi ẹ̀rọ ló dì síbí."

Mo wo Morónkẹ́. Ilẹ̀ lòun ń wò.

"Omi àdúrà ni," ó ní. "Gbogbo Sọ́ńdè ni mò ń gbé e bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìjọ fúnra wọn ló gbàdúrà sí i. Mo ní kí ni kúláǹtì fẹ́ ṣe tí omi àdúrà ò ní ṣe?"

Háà! Mo pariwo débi tí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́? Mo ní ṣé Ìyá Ìjọ ló máa gbé Bọ̀dá dé etí òkun? Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

"Ẹ ti sùn lọ nídìí lọ́rì rí. Ẹnu yín lẹ fi sọ fún mi. Ẹ tún wá fẹ́ ti ibi iṣẹ́ òru bọ́ sọ́nà Scotland. Ó ń bà mí lẹ́rù, mi ò lè ní kẹ́ ẹ má lọ rí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀mí yín ni mò ń bomi àdúrà sí, kì í ṣe mọ́tò."

Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n máa bínú. Rélùwéè la wọ̀ lọ sí Glasgow. Mi ò láyà àtipe Bọ̀dá.

Fọlá ọmọ wọn ló ṣílẹ̀kùn. "Uncle, wọ́n ti múra látàárọ̀," ó ní wúyẹ́wúyẹ́.

Bọ̀dá jókòó sídìí fèrèsé pẹ̀lú kóòtù àti fìlà, wọ́n fi tipátipá ki ẹsẹ̀ tó wú bọ bàtà awọ dúdú. Wọ́n kọ etí síta.

"Gòkè, mi ò gbúròó mọ́tò."

Mo dọ̀bálẹ̀. Morónkẹ́ ti kúnlẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń sunkún. "Èmi ni, Bọ̀dá. Omi àdúrà ni mo bù sí i. Ó dì, ó sì la ẹ́ńjìnnì."

Mo retí kí wọ́n bú wa. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá orí Morónkẹ́ kiri títí wọ́n fi rí i.

"Àdúrà náà ni, ìyàwó. Kì í ṣe èpè. Má sunkún mọ́."

Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orí itan.

"Fọlá," wọ́n ní, "wá bá mi bọ́ bàtà yìí. Ó ti ń fún mi lẹ́sẹ̀ látàárọ̀."