Ogójì Ìṣísẹ̀ Tí A Kò Ro

Ẹ má ṣàánú mi o. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú, ìyá wa ni kó ṣàánú rẹ̀. Ní ti èmi Mùkáílà àti Búrẹ́mọ̀ àbúrò mi, agídí ló sọ wá di aláìníyàá.

Iná ìgbẹ́ ti jó abà wa yìí rí. Àtìgbà náà la ti pinnu pé kí ọyẹ́ tó dé, ká jọ ro ilẹ̀ yí abà ká, kí iná má baà rí koríko jẹ wọlé. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀, Bàbá Jàmílàt, alága wa, ló ń fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ọdún mẹ́rin gbáko, iná kò wọ abà.

Ìpín ilé wa ni ogójì ìṣísẹ̀ tó wà láàrin oko mi àti oko Búrẹ́mọ̀. Bàbá wa ló ń ro ó. Ó wá kú lóṣù Ààwẹ̀, kò sọ ẹni tó ni ín. Ẹ sì mọ̀ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa: ẹni tó bá ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ ìjà ti ní òun lòun ni ín. Mo kìlọ̀ fún Búrẹ́mọ̀, òun náà kìlọ̀ fún mi, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ó di ilé ẹjọ́. Ará abà kò jẹ́ dá sí i.

Bàbá Jàmílàt wá bá mi. "Mùkáílà, tiyín nìkan ló kù o."

Mo ní, "Ẹ lọ sọ fún Búrẹ́mọ̀." Ó lọ. Búrẹ́mọ̀ ní kó padà wá sọ fún mi. Ẹ wo àgbàlagbà tí a sọ di ìránṣẹ́! Koríko sì ń gbẹ.

Ìyá wa ní, "Iná kì í bèèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ jọ ro ó."

"Ìyá, ẹ ní kó kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí."

Ó wò mí títí, ó wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, tí gbogbo ọkùnrin wà ní mọ́ṣáláṣí, ìyá wa gbé ọkọ́ bàbá wa, ó lọ ro ó fúnra rẹ̀. Kò sọ fẹ́nì kankan. Ó ń ro ó lọ́wọ́ ni afẹ́fẹ́ gbé iná dé láti ọ̀nà Igangan. Gbogbo ibi tí a ro, ibẹ̀ niná kú sí. Tiwa nìkan ló rí gbà kọjá.

Èmi àti Búrẹ́mọ̀ la jọ bá òkú ìyá wa níbẹ̀. Yéè, ìyá mi! Igi ọkọ́ ti jóná tán, irin rẹ̀ ló kù. Mo fẹsẹ̀ wọn ibi tó ti ro. Ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún ni.

Búrẹ́mọ̀ dì mọ́ mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, àwa la pa á." Òótọ́ ni. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Lọ́dún yìí, nígbà tí Bàbá Jàmílàt pín iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó bèèrè ẹni tí yóò ro ogójì ìṣísẹ̀ náà. Mo ní, "Búrẹ́mọ̀ ló ni ilẹ̀ yẹn."

Búrẹ́mọ̀ ní, "Rárá o, Bọ̀ọ̀dá ló ni ín."

Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́. A jọ gbé ọkọ́ lọ. Koríko ti hù bo ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún tí ìyá wa ro. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.