Ọ̀rá tí Àdùfẹ́ Fi Bo Ẹ̀rọ

Ẹni tó bá mọ Àdùfẹ́ ní Amùkòkò mọ̀ pé kì í fi nǹkan olówó iyebíye sílẹ̀ láìbò. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wọṣọ, fíríìjì rẹ̀ wọṣọ. Ó dìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ kó tó ṣí wọn. Nígbà tí ilé ìwádìí kan wá gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn èéfín kọ́ sára ògiri rẹ̀, ọjọ́ kejì ni Àdùfẹ́ ti fi ọ̀rá wé e. Eruku tírélà tó ń ti Creek Road bọ̀ ló ń bẹ̀rù. Ẹrù ẹlẹ́rù ṣá ni! Tó bá bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ńkọ́?

Ilé ìwádìí náà kì í ṣe ti irú ọ̀mọ̀wé kan ṣoṣo. Dókítà wà níbẹ̀, ẹni tó mọ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, Onome náà sì wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa béèrè bí aráàlú ṣe ń gbé. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí èéfín ń ṣe fún àdúgbò. Ọ̀ràn Àdùfẹ́ ò tó yẹn. Ikọ́ ò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀, Inúmidùn tó ń bá a gbé, gbádùn, Ọlámidé ìyá ọmọ sì ti búra pé bí ẹ̀rọ bá fi lè sọ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa, òun á mú ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ òun ní Ìkòròdú. Ọmọ tó ti ń sùn mọ́ màmá lẹ́yìn láti kékeré! Àdùfẹ́ ń gbàdúrà kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ire.

Ẹ̀rọ sọ ọ́. Lọ́sàn-án Sátidé, Ọlámidé wà níbẹ̀, Onome mú ìwé wá, ó ní afẹ́fẹ́ ilé yìí mọ́ ju ti gbogbo àdúgbò lọ.

"Ó dáa, Màmá," ni Ọlámidé wí. "Kó máa bá yín gbé." Díẹ̀ ló kù kí Àdùfẹ́ jó.

Àmọ́ Onome ò dìde. Ó ń wo Inúmidùn tó ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ̀rọ ní kò séwu, ọmọ ń wúkọ́. Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ yìí gan-an?"

Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo àwọn tó ń ka nọ́ńbà, kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn.

Àdùfẹ́ wo ìrọ̀rí àga. Ọ̀rá tó tú kí àlejò tó wọlé wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Bó bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Inúmidùn tún wúkọ́, ó di àyà mú bí àgbàlagbà. Àánú ọmọ ṣe màmá.

"Ọ̀rá ni mo máa ń fi bò ó," ló wí. "Kò tíì fa afẹ́fẹ́ wa símú rí. Ọlámidé, máa mú ọmọ ẹ lọ." Kó tó sọ ọ́ tán, omi ti bọ́ lójú rẹ̀.

Onome dì mọ́ ọn. "Mama, no cry. Ẹ̀bi wa ni. Àwa ló yẹ ká ti béèrè bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú nǹkan yín ká tó gbé e wá. A máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀."

Lẹ́yìn oṣù kan, Ọlámidé pè láti Ìkòròdú. Inúmidùn gba fóònù, ó kọ orin ilé ìwé rẹ̀ tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ikọ́ ò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé dá wáí lọ́dọ̀ Àdùfẹ́. Ó fi etí ìró nujú.

"Tún un kọ, ìyá mi," ló wí. "Tún un kọ fún mi."